Bí Àǹtí Mùsílí Ṣe Mú Ọkùnrin Yàrá Keje Jáde Láìfọwọ́ Kàn Án

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Èmi Rodiat, ọmọ Ìwó, tí mò ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì Alhaji Tìrìmísíyù lọ́nà Èbúté n'Ìkòròdú, bí ẹnikẹ́ni bá yájú sí mi, kì í pẹ́ tí mo fi ń fún un lésì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí Mùsílí lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò ní sùúrù ló ń ròyìn ẹni tó ní in. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nídìí aṣọ, ṣe ni mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mùsílímátù lorúkọ rẹ̀. Òun ni mánéjà wa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ilé àwọn tó ti ń pẹja, tí wọ́n ń ta ẹja, láti ayé bàbá ńlá wọn. Ó sọ fún mi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun wà tí òun ti ń dúró létí ọ̀sà pẹ̀lú ìyá òun, tí òun ń kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan àti iye agbọ̀n ẹja tó já sílẹ̀ sínú ìwé, torí pé ìyá òun kò mọ̀ ọ́n kọ, àwọn ọlọ́kọ̀ sì fẹ́ràn láti máa rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá jà pé ẹja òun pọ̀ ju báyìí lọ, ìyá náà á ní kó kọ ẹjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan náà, kó sì fọwọ́ sí i. Ìwà yẹn ni Àǹtí gbé wá sí Ìkòròdú nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ gbígbá ló fi bẹ̀rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì yìí. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá méjèèjìlá ló wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ híjáàbù. Kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ á tún wálẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á yáa wá ibòmíràn lọ.

Ọkùnrin tó fẹ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ń jẹ́ Adéòjó. Iṣẹ́ yanrìn ló ní òun ń ṣe létí ọ̀sà. Ó sanra, ó gbáfẹ́, lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìnkùlé kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde ní yàrá. Ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan wá, tuntun, àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò kan tó kún dé ẹnu. A bá a kó méjèèjì sí sítọ́ọ̀ níbi tí mo ń kó ọṣẹ sí.

Lọ́jọ́ tó dé, Àǹtí ti lọ kí ìyá rẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́. Alhaji ló wà ní kántà fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó pọ̀. Ọkùnrin yìí ní òun fẹ́ san owó oṣù kan papọ̀, kí wọ́n bá òun dín in kù. Inú Alhaji dùn débi pé kò rántí gbé ìwé tí àlejò ń fọwọ́ sí jáde. Alhaji ní ilé mẹ́ta tó ń gba owó wọn l'Ẹ̀pẹ́, ìwé rìsíìtì tó fi ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé sì máa ń wà lápò rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó fà á yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé òun gba owó ilé oṣù kan lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, ó buwọ́ lù ú. Nígbà tí Àǹtí dé tó ń bèèrè ìdí tí kò fi lo rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì, Alhaji ní kí ni ìyàtọ̀ wọn, ṣebí owó ti wọlé.

Oṣù yẹn pé. Ọkùnrin náà kò lọ, kò sì san kọ́bọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di ọjọ́ méjìlélógún. Owó tó wà lọ́rùn rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án náírà, ó sì ń fi àárọ̀ gbogbo bèèrè tíì gbígbóná lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ Ajé ni Alhaji pè láti Ẹ̀pẹ́. Mo wà nítòsí, mo ń ka tówẹ́ẹ̀lì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ òun máa mú kápẹ́ńtà wá, kí ó yọ ilẹ̀kùn yàrá keje, kí ẹ̀fọn bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe fún àwọn ayálégbé olórí kunkun l'Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ó wá fi kún un pé, "Mùsílímátù, tí mo bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tí mo bá a nínú yàrá yẹn, kó o kó ẹrù tìẹ náà. Mi ò lè máa sanwó fún mánéjà tí kò lè lé èèyàn kan ṣoṣo." Ó pa fóònù.

Àǹtí Mùsílí lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà. Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yẹn ṣí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó kí wa dáadáa, ó sì na rìsíìtì Alhaji sí wa. Ó ní ayálégbé lòun, kóòtù nìkan ló lè lé òun. Ó ní tí Alhaji bá wù ú kó yọ ilẹ̀kùn, òun á fi fóònù òun ya gbogbo rẹ̀, owó tí Alhaji máa san fún òun ní kóòtù á ju owó yàrá lọ. Ó tún kí wa pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wo ìwọ̀sí.

Mo padà sẹ́yìnkùlé. Iná ti lọ láti àárọ̀, ogójì bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wà nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì gbẹ táútáú. Mo wo kẹ́ẹ̀gì epo ọkùnrin yẹn nínú sítọ́ọ̀. Mo sọ fún ara mi pé, ṣebí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo da gbogbo epo náà sínú jẹnẹrétọ̀, mo tan án, mo fọ aṣọ mi, mo kọrin sí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Àǹtí lọ sí Sábó lọ́dọ̀ Lọ́yà Mọ́fẹ́yìsára, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń fi àwọn ẹbí rẹ̀ wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì wa bí wọ́n bá wá láti Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ tẹnu wa tán, ó ní kí a fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkùnrin náà. A kò gbọdọ̀ tì í mọ́lé, a kò gbọdọ̀ tì í síta, a kò gbọdọ̀ pe ọlọ́pàá kí ó bá wa gba owó, torí iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ni láti gba gbèsè. Ó ní tí ó bá jẹ́ ayálégbé olóṣooṣù lóòótọ́, ìwé oṣù kan pé kó máa múra àtikó jáde ni a máa kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù, a kò sì gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ àlejò hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́tọ̀ọ́ láti di ẹrù tí àlejò gbé wá mú títí tó fi máa sanwó, yàtọ̀ sí aṣọ ọrùn rẹ̀.

Mo bi í bóyá a lè gé iná rẹ̀. Ó ní rárá. Omi ńkọ́? Ó ní rárá. Mo ní mo ní àbúrò mẹ́ta ní gáréèjì, wọ́n kàn máa bá a sọ̀rọ̀ ni. Lọ́yà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí títí mo fi dákẹ́.

Ó ní ìṣòro wa ni rìsíìtì yẹn. Ọwọ́ Alhaji ló kọ ọ́, owó ilé ló kọ síbẹ̀, ọkùnrin náà kò sì fọwọ́ sí ìwé àlejò. Ó bèèrè bóyá a ní ohunkóhun tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó fi hàn pé àlejò ni. A kò ní nǹkan kan. Ó ní kí a má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà o, bí ó bá bèèrè, kí a gbé e fún un.

Lọ́jọ́rú, Àǹtí wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ bẹ Alhaji. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó dé rèé. Ó ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́yà fún un, Alhaji ní òun kò mọ ìyẹn, ilé òun ni, ilẹ̀kùn òun ni. Àǹtí wá yọ bírò. Ó ní, "Ẹ ṣé, Alhaji. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin lẹ ní kí a yọ ilẹ̀kùn, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí n lè fi han ọlọ́pàá tí wọ́n bá wá mú mi." Alhaji wo bírò yẹn. Ó wo Àǹtí. Kò gba bírò, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ lòun sọ.

Ọjọ́ méjì ló kù, obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án gun àkàbà yẹn láti orí ìgbálẹ̀ sì fẹ́ já bọ́ nítorí àpò agbádá Alhaji. Àǹtí kò sunkún. Ó jókòó sí kántà, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ọdún tó ń bọ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó sọ̀kalẹ̀ wá sí kántà. Ó ní kí Àǹtí ṣí sítọ́ọ̀ fún òun, iṣẹ́ yanrìn máa bẹ̀rẹ̀ l'Èbúté lọ́la ní aago méjìlá, òun fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì òun. Ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ni ohun tó ní tó lè san gbèsè yẹn, òfin sì ní kí a gbé e fún un. Àǹtí mú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ yẹn ya wèrè. Ó ní olè ni wá. Ó ní lítà márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n ti ń jí ẹrù ayálé... ó gé e, ó tún ọ̀rọ̀ mìíràn mú. Ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ láìgba owó epo òun. Mo dúró lẹ́yìn àpò ọṣẹ.

Àǹtí bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jókòó, ẹ kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i." Bí ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ l'Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, ó búra fún mi lẹ́yìn náà. Ó fún un ní ìwé àti bírò. Inú bí ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ odidi ojú ìwé kan kún. Ó kọ ọ́ pé òun Adéòjó, àlejò hòtẹ́ẹ̀lì yìí ní yàrá keje láti ọjọ́ báyìí, fi ẹrù òun sí ìkáwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Pé òfin ní kí hòtẹ́ẹ̀lì máa ṣọ́ ẹrù àlejò rẹ̀. Pé gẹ́gẹ́ bí àlejò, òun ń bèèrè owó epo òun kíákíá. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì, ó tún kọ nọ́ńbà fóònù sí i.

Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ó ní kí ọkùnrin náà fún òun ní wákàtí kan, ó ti sítọ́ọ̀ padà, ó ya ìwé náà pẹ̀lú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí lọ́yà.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí lọ́yà fi pè. Ẹ̀rín ló ń rín, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ṣàlàyé fún wa. Ayálégbé ló ń ṣọ́ ẹrù ara rẹ̀. Àlejò ni hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣọ́ ẹrù fún. Nítorí owó epo, ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé àlejò lòun. Ó ní ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ jáde mọ́ láìsanwó.

Mo fò sókè, mo di mọ́ Àǹtí. Ìgbà tí mo tún fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni mo rántí ohun tí mo ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo da epo náà sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Àǹtí. Ó ní, "Rodiat, olè jíjà nìyẹn. O máa san án." Mo ní màá san án. Ó ní òun kò ní bò ó mọ́lẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ló jẹ gbèsè yẹn, a ó yọ ọ́ nínú owó tí ọkùnrin náà jẹ wá.

Lọ́yà bá wa kọ lẹ́tà kan. Àkọ́kọ́, hòtẹ́ẹ̀lì gbà pé àlejò ni Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, a sì yọ owó epo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún, nínú gbèsè. Èkejì, ìgbà tó fi wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì parí lọ́la ní aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ wa títí tó fi máa san èyí tó kù. Aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Bí kò bá lọ, ìwé ọjọ́ méje á tẹ̀ lé e, kóòtù á sì tẹ̀ lé ìyẹn. Ọkùnrin náà kà á lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní ayálégbé lòun. Àǹtí na ẹ̀dà ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i. Ó wò ó, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ẹ́, kò bèèrè tíì lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ pé. Aago mẹ́sàn-án, kò jáde. Aago mẹ́wàá, kò jáde. Alhaji ti pè pé òun ti kúrò l'Ẹ̀pẹ́. Mo ń gbá ojú kan náà lẹ́ẹ̀kẹrin. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ọkùnrin méjì wọlé láti Èbúté, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ yanrìn, ojú wọn le. Wọ́n ní ọkọ̀ ti wà lójú omi, níbo ni ẹ́ńjìnnì wà? Wọ́n gòkè lọ bá Adéòjó, a ń gbọ́ ohùn wọn dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, òun ló ṣáájú, báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Àǹtí ka nọ́ńbà àkáǹtì hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Gbogbo wa dúró, a ń wo fóònù Àǹtí lórí kántà. Àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Mo pariwo Alhamdulillahi débi pé àlejò yàrá kejì yọjú.

Àǹtí kọ rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì fún un, ó jẹ́ kó yẹ ẹ́ńjìnnì wò kó sì fọwọ́ sí i pé ó pé. Adéòjó ní, "Mádáàmù, ẹ mọ iṣẹ́ yín." Àǹtí ní kó máa lọ dáadáa, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú omi. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Mo ti ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yàrá keje nígbà tí Alhaji dé pẹ̀lú kápẹ́ńtà rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ kápẹ́ńtà. Ó wo yàrá òfìfo. Àǹtí ka gbogbo bó ṣe lọ fún un, kò fi ìkankan pamọ́, títí kan epo. Inú Alhaji dùn, ó ń mi orí, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ lílé mánéjà mọ́. Àfi ìgbà tó kan ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún tí a yọ. Ojú rẹ̀ yí sí mi.

Ó ní, "Ìwọ Rodiat, kó ẹrù rẹ jáde nísinsìnyí."

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ni èmi àti ọmọ mi Balqees ń gbé, oṣooṣù ni Alhaji sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ mi. Kápẹ́ńtà ti wá fún ilẹ̀kùn, ó ti ń lọ sápá ibẹ̀ pẹ̀lú òòlù rẹ̀.

Àǹtí Mùsílí kọjá lára mi. Ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn mi, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Alhaji, ẹ lè ní kó má ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ yín ni. Ṣùgbọ́n Rodiat kì í ṣe àlejò, ayálégbé ni. Ìwé oṣù kan lẹ máa fún un, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kóòtù. Tí ọkùnrin yìí bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí, èmi ni màá jẹ́rìí fún Rodiat ní kóòtù."

Alhaji dúró. Ó wo mánéjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó rẹ̀ fún un. Ó wo òòlù. Ó wá ní kí kápẹ́ńtà lọ wo wọ́dúróòbù yàrá kẹrin, pé ó ti ń ké láti ọjọ́ yìí. Ó ní kí wọ́n máa yọ owó epo náà nínú owó oṣù mi díẹ̀díẹ̀. Ó lọ kírun Jímọ̀ọ́.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò n'Ìwó, ilé mẹ́ta ni wọ́n ti kó ẹrù mi síta, ojú ọ̀nà làwọn èèyàn máa ń dúró sí láti wò mí. Ẹnì kankan kò dúró níwájú ilẹ̀kùn mi rí. Mo fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó wà lọ́wọ́ mi bo ojú, mo sunkún sínú rẹ̀ dáadáa. Àǹtí jẹ́ kí n sun ún tán, ó wá ní kí n yára, ẹni méjì ń bọ̀ wá wọ yàrá keje ní aago méjì.